Àwòrán Sátẹ́láìtì àti Ìtàn Adágún Chad

Àwòrán méjì ni a sábà máa ń tọ́ka sí bí a bá fẹ́ fi hàn pé Adágún Chad ń gbẹ lọ. Sátẹ́láìtì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ya èkíní ní 1963, nígbà tí adágún náà fẹ̀ tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà níbùú-lóròó. Sátẹ́láìtì Landsat ni ó ya èkejì ní àárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí omi tí ó hàn kedere kò ju nǹkan bí 2,000 lọ. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé òótọ́ ni àwòrán méjèèjì, ṣùgbọ́n ìtàn tí a fi wọ́n sọ kò pé.

Ọdún 1963 kò tọ́ ní fífi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí pé òjò ti pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ ní àwọn ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀. Ní 1908, Jean Tilho, ọmọ ogun ilẹ̀ Faransé, ti rí adágún kan náà ní kékeré. Adágún náà kò sì jìn: bí omi bá fà díẹ̀, ilẹ̀ gbalasa ni yóò yọ. Odò Chari àti Logone ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi rẹ̀ wá. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń kún ní nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní, tí ó sì máa ń fà ní oṣù Kẹfà sí oṣù Keje. Ẹni tí kò bá bèèrè oṣù tí a ya àwòrán yóò ṣì í kà.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ olótùútù mọ irú ìṣòro yìí. Láti ìgbà tí TIROS-1 ti gòkè ní 1960 ni ojú ọ̀run ti di ibi tí a ti lè wo adágún tí ó dì ní yìnyín. Ṣùgbọ́n funfun ni yìnyín, funfun sì ni ìkuukùu. Tiwa ni koríko omi: omi wà lábẹ́ rẹ̀, àwòrán sì lè fi í hàn bí ilẹ̀.

A kò sọ pé ọ̀dá kò jà. Ní 1973 adágún náà pín sí méjì, ọ̀dá mìíràn sì tún dé ní àwọn ọdún 1980. Nàìjíríà ti dá South Chad Irrigation Project sílẹ̀ láti bomi rin 67,000 hẹ́kítà. Omi sá kúrò lẹ́nu ọ̀nà tí a gbẹ́, ẹ̀rọ afami sì dúró lásán. Láti àwọn ọdún 1990, omi ti padà díẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń pète láti fa omi odò Ubangi wá. Bí 1963 bá ni wọ́n fi ṣe ibi tí omi gbọ́dọ̀ dé, ohun tí wọn yóò bèèrè lọ́wọ́ Ubangi yóò pọ̀ ju èyí tí ìtàn adágún náà tì lẹ́yìn lọ.