Páálí Tó Sọ Ohun Tí Rédíò Kò Jẹ́ Sọ

Ilé kan dúró lórí páálí àwo náà, kò mì, kò sán. Ọgbà ẹ̀wọ̀n kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ògiri tirẹ̀ ti là. Ọkùnrin kan ga gàgàrà lójú àwòrán náà, ó ń jó, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti já. Nínú ọ̀sà, ẹja àbùùbùtán ti da ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́pàá dé. Ẹni tí kò tíì gbọ́ ohùn kan ṣoṣo nínú orin náà ti mọ ẹni tó borí, ó sì ti mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Àwo Alagbon Close nìyẹn, 1974. Fẹlá Ransome-Kútì, olórin Afrobeat, ló kọrin náà, lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá ya bo ilé rẹ̀ lọ́dún yẹn, tí wọ́n sì gbé e lọ sí àtìmọ́lé Alágbọn ní Ìkòyí. Ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Lemi Ghariokwu lorúkọ rẹ̀. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1955, fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ àwòrán. Oníròyìn kan rí àwòrán Bruce Lee tó yà, tí wọ́n gbé kọ́ ilé ọtí kan ládùúgbò. Ó béèrè ẹni tó ni iṣẹ́ náà, ó sì mú ọmọkùnrin náà lọ bá Fẹlá. Àwòrán ojú Fẹlá ni Lemi gbé dání lọ. Inú olórin náà dùn débi pé ó kọ ìwé sọ̀wédowó ₦120 fún un lójú ẹsẹ̀. Owó gidi ni láyé ìgbà yẹn. Ọmọ náà ò gbà á. Ó ní ẹ̀bùn àtọkànwá lòun mú wá. Fẹlá bá kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé pélébé kan fún un, pé kí wọ́n máa jẹ́ kó wọlé síbi ijó òun lọ́fẹ̀ẹ́. Páálí àwo 26 ni Lemi ṣe fún Fẹlá lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Kí ó tó di ìgbà yẹn, ojú àwo kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Bàbá bàbá Fẹlá, Àlùfáà Josiah Ransome-Kútì, kọ orin ìyìn sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín àwọn ọdún 1920. Bébà lásán ni wọ́n ń di irú àwo bẹ́ẹ̀ sí nígbà náà. Wọ́n á dá ihò sí àárín rẹ̀ kí èèyàn lè rí orúkọ orin kà, orúkọ ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde á sì gba gbogbo ojú bébà tó kù. Ẹni tó rà á mọ ilé iṣẹ́ lójú ju bó ṣe mọ olórin lọ.

Àwo ńlá ló yí ọ̀rọ̀ padà. Páálí rẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó, kò sì sí olórin tó ní ojú tó máa jẹ́ kí irú àyè bẹ́ẹ̀ ṣòfò. Láàárín àkókò yìí náà làwọn olórin Yorùbá ń já ara wọn gbà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́. Hárúnà Ìṣọ̀lá, bàbá alápàlà, àti I.K. Dáíró, oníjùjú, dá ilé iṣẹ́ STAR sílẹ̀ ní 1969, kí èrè orin lè dé ọwọ́ olórin. Ní àárín àwọn ọdún 1970, Sunny Adé náà kúrò lábẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin rẹ̀ jáde, ó sì dá Sunny Alade Records sílẹ̀. Tí èèyàn bá wo páálí àwọn olórin ìnáwó láyé ìgbà náà, fọ́tò ni yóò bá níbẹ̀ jù: olórin nínú agbádá tàbí kóòtù, gìtá lọ́wọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tò lẹ́yìn. Iṣẹ́ tí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kò fara sin. Ẹ wo aṣọ wa, ẹ wo ohun èlò wa, ẹ wá pè wá síbi ìnáwó yín. Iṣẹ́ gidi ni, torí ibi ìnáwó ni owó olórin wà.

Fẹlá kì í ṣe olórin ìnáwó ní tirẹ̀. Orin rẹ̀ kan lè gba odindi ojú àwo kan, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlù àti fèrè á sì ti lọ jìnnà kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀. Ìjọba tó ń bá wí nínú orin náà ló ni ilé iṣẹ́ rédíò. Ta ni yóò wá polówó àwo bẹ́ẹ̀? Páálí rẹ̀ ni. Níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àwo, nínú yàrá àwọn ọmọ yunifásítì, lórí tábìlì nílé ọtí, àwòrán náà ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò lówó láti ra àwo pàápàá. Iṣẹ́ ìròyìn ni Lemi ń ṣe pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, ó sì yẹ kí a kà á mọ́ iṣẹ́ ìròyìn nínú ìtàn ilẹ̀ wa.

Yellow Fever, 1976, ni kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lọ wò. Orin nípa àwọn tó ń bóra ni. Lemi ya obìnrin kan tí ara rẹ̀ ti di àwọ̀ méjì, ibi tí ìpara ràn sí pọ́n, ó ṣe ṣákaṣàka lójú. Ó wá ya ìpara náà fúnra rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fún un lórúkọ: Soyoyo. Kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá tí kò ní mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tà fún obìnrin yẹn. Ó tún kọ iye owó rẹ̀ sí i lára, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí àtẹ. Ọ̀rọ̀ tí Fẹlá fi ìṣẹ́jú púpọ̀ tò, orúkọ kan àti iye owó kan ti kó o já lójú páálí.

Fún Zombie, kò fi bẹ́ẹ̀ yàwòrán. Ó gé fọ́tò àwọn ọmọ ogun tó ń yan, ó tò wọ́n mọ́ fọ́tò Fẹlá tó ń kọrin, ó sì da ọ̀dà mọ́ wọn. Lára páálí Ikoyi Blindness, tó jáde ní 1976 bákan náà, wọ́n fa igi sórí Ransome, wọ́n sì kọ Aníkúlápó sí i. Olórin náà pààrọ̀ orúkọ, ojú páálí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti rí i.

Kì í ṣe abẹ́ ilé iṣẹ́ ara rẹ̀ ni Fẹlá wà ní gbogbo ìgbà yìí o. Ilé iṣẹ́ Coconut ló gbé Zombie jáde, Decca ló gbé Yellow Fever. Ó ń ti ọ̀dọ̀ ẹni kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ibi yòówù kó wà, àwòrán orí àwo kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwòrán nìkan kọ́ ló sì fi ń wá ojú ayé. Ó ń sanwó fún àyè nínú ìwé ìròyìn bí ẹni tó ń polówó ọjà, ó sì ń kọ èrò rẹ̀ síbẹ̀ lábẹ́ àkọlé Chief Priest Say. Ó tún bẹ̀rẹ̀ fíìmù kan nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, The Black President. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé rẹ̀ tó ń pè ní Kalakuta, wọ́n lu àwọn tó wà níbẹ̀ nílùkulù, wọ́n sì dáná sun ilé náà. Ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ fún fíìmù náà jóná mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀, Olúfúnmiláyọ̀, tí wọ́n jù láti ojú fèrèsé, kò lo ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ tó fi kú.

Iná yẹn kò pa páálí lẹ́nu mọ́. Sorrow Tears and Blood jáde lọ́dún kan náà lábẹ́ Kalakuta Records tirẹ̀, nítorí àárín òun àti Decca ti dàrú. Orí páálí yìí gan-an ni èdè àìyedè ti wọ àárín Fẹlá àti Lemi, wọ́n sì pínyà fún ọdún mélòó kan, àwọn ayàwòrán mìíràn bá gbaṣẹ́. Nígbà tí Lemi padà dé fún Beasts of No Nation ní 1989, ìwo ló gbé sórí àwọn alágbára ayé: Reagan, Thatcher, àti Botha ti South Africa. Ó fi ìwo sórí àwọn ológun Nàìjíríà tó ti Fẹlá mọ́ ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú.

Láàárín àwọn ọdún 1990, olórin mìíràn, Bísádé Ológundé, gbé ojú tirẹ̀ kúrò pátápátá. Ó fi aṣọ bo orí bí eégún, ó pe ara rẹ̀ ní Lágbájá, ó sì dá ilé ijó Motherlan' sílẹ̀ ní Ìkẹjà. Olórin tí kò sẹ́ni tó mọ ojú rẹ̀ ni gbogbo ìlú wá dá mọ̀ láti òkèèrè. Lónìí, àwòrán orin lórí fóònù kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ọmọ tó ń dá orin rẹ̀ gbé jáde ní Bàrígà sì gbọ́dọ̀ fi fídíò ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí páálí ẹlẹ́sẹ̀ bàtà kan ń ṣe.

Ní 2003, New Museum ní New York pàtẹ àfihàn kan nípa Fẹlá, wọ́n sì kó iṣẹ́ Lemi síbẹ̀. Ẹni tó bá yí páálí mìíràn lára wọn sẹ́yìn yóò bá ọ̀rọ̀ tí Lemi fúnra rẹ̀ kọ níbẹ̀, ohun tí òun rò nípa orin náà, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ àwo àpàlà àti jùjú ayé ìgbà náà, a rí agbádá, a rí gìtá, a ò rí orúkọ ẹni tó ya fọ́tò.