Ó Le Kú: Ìtàn Ìfẹ́ Kan Láti Inú Ìwé Dé Ara Aṣọ

Ọdún 1974 ni ilé-iṣẹ́ Oxford University Press tó wà ní Ìbàdàn tẹ ìwé ìtàn-àròsọ Ó Le Kú jáde. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́. Ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, Àjàní, tó wà ní ọdún àṣekágbá ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó gbádùn lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó. Ibi tó ti ń wá ẹni tí yóò fẹ́ ló ti bá ara rẹ̀ láàárín ọmọbìnrin mẹ́ta, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé, ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí iwin nínú ìtàn náà, kò sí ogun, kò sí ọba tó ń paṣẹ. Síbẹ̀, díẹ̀ ni ìwé ìfẹ́ lédè Yorùbá tí orúkọ rẹ̀ tàn kálẹ̀ tó o, kò sì sí òmíràn tí orúkọ tirẹ̀ di orúkọ aṣọ.

Abúlé Lábọ̀dé, nítòsí Ìbàdàn, ni wọ́n bí Ìṣọ̀lá sí ní 1939. Yunifásítì Ìbàdàn yìí náà ló ti kàwé gboyè nínú èdè Faransé, ibẹ̀ ló sì wà gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tó kọ eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970. Ayé tó kọ nípa rẹ̀ kì í ṣe ayé tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ní 1948 ni ilé ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ó di yunifásítì tó dá dúró ní 1962. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kò pọ̀ nígbà náà, ojú ọ̀gá ọ̀la ni gbogbo ìlú sì fi ń wò wọ́n. Ọmọkùnrin tó fẹ́ jáde níbẹ̀ láìní àfẹ́sọ́nà, ìyá rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó ń dúró dè. Orí ìbéèrè yẹn ni Ìṣọ̀lá kọ́ ìwé rẹ̀ lé.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lédè Yorùbá. Láàárín 1929 sí 1930, Isaac Thomas ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó: obìnrin Èkó kan tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀, tó ń ro ẹjọ́ ayé tó ti jẹ pẹ̀lú ọkùnrin. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́ bí ẹni pé obìnrin náà wà láàyè ní ti gidi. Ṣùgbọ́n ìtàn ìkìlọ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá tó jẹ́ pé ọ̀nà igbó àti iwin yìí ni àwọn òǹkọ̀wé ń tọ̀. Ohun tí Ìṣọ̀lá ṣe ní 1974 ni pé ó fi àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ kí wọ́n fẹ́ra, kí wọ́n jowú, kí wọ́n ṣàṣìṣe, nínú Yorùbá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ láàárín ara wọn. Ẹ̀rín pọ̀ nínú ìwé náà. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń bá ara wọn sọ ló dára jù nínú rẹ̀, ohun tí àwòrán kò sì lè gbé tán nìyẹn.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ìtàn ìfẹ́ ń gbà wọlé nígbà náà, àwọn tó dàgbà ní àsìkò yẹn kì í sì í gbàgbé rẹ̀: ìwé Atọ́ka. Ọdún 1967 ló bẹ̀rẹ̀. Àwọn eré tí ẹgbẹ́ òṣèré alárìnká ń ṣe kiri, irú àwọn ti Oyin Adéjọbí, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Moses Ọláìyá, ni wọ́n ń yà ní fọ́tò. Wọ́n á to fọ́tò náà sójú ewé lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n á sì kọ ọ̀rọ̀ tí oníkálùkù ń sọ sínú àlàfo funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ẹni tí kò ní owó ìwọlé gbọ̀ngàn lè rí eré náà kà nílé, ẹni tí kò mọ̀wé sì lè tẹ̀lé e pẹ̀lú ojú.    

Ọdún mẹ́tàlélógún kọjá kí ìwé Ó Le Kú tó di fíìmù. Túndé Kèlání ló ṣe é, ní 1997. Ọdún 1948 ni wọ́n bí i. Ó ti gbé kámẹ́rà fún tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn, ó ti kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti ya fíìmù fún àwọn ẹlòmíràn kó tó dá ilé-iṣẹ́ Mainframe sílẹ̀. Ti Olúwa Nilẹ̀ ti jáde ní 1993, Kòṣeégbé, tí òun náà jẹ́ iṣẹ́ Ìṣọ̀lá, tẹ̀lé e ní 1995. Ní Ó Le Kú, Yẹmí Ṣódìmú ni Àjàní, Fẹ́yìkẹ́mi Abọ́dúnrìn ni Àṣàkẹ́, Pauline Dike ni Lọlá, Ọmọlọlá Àmùsàn sì ni Ṣadé. Apá méjì ni sinimá àgbéléwò náà, kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni wọ́n sì fi tà á, nítorí pé láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, agbára kò ká fíìmù olówó ńlá ti àtijọ́ mọ́.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ níbí tó yẹ kí a dúró lé lórí. Nígbà tí Ìṣọ̀lá kọ ìwé rẹ̀, ayé tó wà lójú rẹ̀ ló kọ. Nígbà tí Kèlání yóò fi ṣe fíìmù, ayé náà ti di àtijọ́: aṣọ, irun, bàtà, títí dé bí ọmọkùnrin ṣe ń bá ọmọbìnrin sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ ló di ohun tí wọ́n ní láti wá kiri, kí wọ́n sì tún tò. Ìwé náà kò ṣàárò ìgbà kankan. Fíìmù ló mú àárò wọ inú rẹ̀. Àkókò tó sì jáde náà mú kí àárò yẹn rọrùn láti gbà. Ìjọba ológun ti Abacha ló wà lórí oyè. Ní 1996, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kún àkúnya. Ẹni tó jókòó ní irú ọdún bẹ́ẹ̀ tó ń wo Àjàní tó wọ aṣọ tó mọ́, tó ń rìn lábẹ́ igi nínú ọgbà tó tòrò, kò lè ṣàì sọ pé ìgbà kan wà tó dára.

Ṣùgbọ́n ìgbà náà kò dára tó bí àwòrán ṣe fi hàn. Ogun abẹ́lé jà láti 1967 dé 1970. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, 1971, ọlọ́pàá yìnbọn pa Kúnlé Adépéjù, akẹ́kọ̀ọ́ kan, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn yìí kan náà. Àárò kì í rántí irú èyí. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ràn fíìmù náà mọ̀ ọ́n, kò sì ní kí ìfẹ́ rẹ̀ sí i dínkù.

Aṣọ ló rìn jìnnà jù nínú ohun gbogbo tí fíìmù náà gbé jáde. Ní àwọn ọdún 1960 sí 1970, nígbà tí síkẹ́ẹ̀tì kúkurú gbòde, àwọn ọmọbìnrin Yorùbá náà gé ìró wọn kúrú. Dípò kó balẹ̀ dé kókósẹ̀, ó dúró sí orúnkún tàbí lókè rẹ̀ díẹ̀. Bùbá rẹ̀ kò gùn, apá rẹ̀ fẹ̀, gèlè sì wà lórí. Àwọn tó rọ́wọ́ mú fi léèsì rán an, èyí tó ń ti ìlú Lustenau àti agbègbè Vorarlberg ní Austria wá. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1990, ìró gígùn ti gba ipò rẹ̀ padà. Ó Le Kú jáde, àwọn obìnrin rí Àṣàkẹ́ àti Lọlá, ìró kúkurú sì padà sóde. Òlékú ni wọ́n ń pè é láti ìgbà náà. Tẹ́lọ̀ tí oníbàárà bá sọ fún pé òlékú lòun fẹ́, kò tún ní béèrè àlàyé. Gígùn ìró àti fífẹ̀ apá bùbá nìkan ló kù láti wọ̀n. Lónìí, ọ̀pọ̀ tẹ́lọ̀ kì í fi ìró náà sílẹ̀ fún ríró mọ́. Wọ́n á rán an pọ̀ bíi síkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi síípù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí etí aṣọ kan gba iwájú kọjá kó lè dà bí èyí tí wọ́n ró.

Ìtàn náà dé ẹ̀yìn Ìbàdàn pẹ̀lú: ní Ìsùàdà àti àwọn ìlú yòókù tó wà ní sàkáání Ọ̀wọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọwọ́ ilé-ìwé ni ìwé Ìṣọ̀lá ti dé ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́, kásẹ́ẹ̀tì ló sì gbé fíìmù rẹ̀ wọlé. Èdè rẹ̀ kì í ṣe ti ilé. Ẹni tó ń sọ èdè Ọ̀wọ̀ nílé ń ka Yorùbá Ìbàdàn nínú ìwé náà, èyí sì jẹ́ kí ayé Àjàní jìnnà sí i díẹ̀ ju bó ṣe jìnnà sí ọmọ Ìbàdàn lọ. Ṣùgbọ́n pé kí aṣọ máa gbé ìtàn ìfẹ́ kiri, ìyẹn kò ṣàjèjì ní agbègbè yìí rárá. Ìtàn Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ̀n, ọba Ọ̀wọ̀, àti olorì rẹ̀, Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n, ti ṣáájú Ó Le Kú ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Arẹwà olówó ni Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n, ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ da omi sí àgbàlá, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ju igi ìdáná sílẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ọba fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Àwọn orogún rẹ̀ dúró de ọjọ́ tí ọba kò sí nílé, wọ́n sì ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó jáde kúrò láàfin, kò padà mọ́. Gèlè rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù fún àwọn tó lépa rẹ̀ dé Igbó Làjà.

Nítorí rẹ̀ ni Ọ̀wọ̀ ṣe ń ṣọdún Ìgogo, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, nínú oṣù kẹsàn-án. Ọlọ́wọ̀ á di irun rẹ̀ bí obìnrin, á kó iyùn sọ́rùn, á sì jó la ọjà kọjá. Wọn kì í lu ìlù ní àsìkò náà, agogo ni wọ́n ń lù. Obìnrin kì í wé gèlè, ọkùnrin kì í dé fìlà. Ní Igbó Làjà kan náà ni awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo ti wa ilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tó sì rí àwọn ère alámọ̀ tí wọ́n fojú bù sí nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìrántí tí ọdún Ìgogo ń ṣe lọ́dọọdún fún Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n, nípa orí tí wọn kò bò, ni ìró kúkurú ṣe fún Àṣàkẹ́ àti Lọlá láìsí pé ẹnikẹ́ni pa á láṣẹ.

Láàárín àwọn olólùfẹ́ Ó Le Kú lónìí, ọ̀nà tí oníkálùkù gbà wọlé ló ń pinnu ohun tó ń ṣàárò. Àwọn tó ka ìwé náà ní ilé-ìwé girama máa ń rántí ọ̀rọ̀ àti ẹ̀rín inú rẹ̀. Àwọn tó bá fíìmù pàdé ní 1997 ń rántí ojú àwọn òṣèré, àti irú aṣọ tí ìyá tàbí àǹtí wọn rán lẹ́yìn náà. Àwọn kan sì wà tí kò mọ̀ ju aṣọ lọ, tàbí tí orin Oleku tí Ice Prince àti Brymo gbé jáde ní 2010 nìkan kọ́ ní orúkọ náà. Ọ̀wọ́ kejì ló sábà máa ń padà wá ìwé, ó sì máa ń yà wọ́n lẹ́nu bí ó ti yára tó, àti bí kò ti dúró wo aṣọ ẹnikẹ́ni pẹ́.

Ìṣọ̀lá kú ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejì, 2018. Ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì tó gbé fíìmù náà dé àwọn ìlú kéékèèké ti hu èébu, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò wọ́n kò sì sí ní ọ̀pọ̀ ilé mọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹni tó fẹ́ wò ó ń wá a sí. Ti ìwé yàtọ̀: ẹ̀dà 1974 tí ewé rẹ̀ ti pupa ṣeé kà síbẹ̀, bí ìdè ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá tíì tú.