Ọjà Ìgbà Òtútù ní Jokkmokk

Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Èrèlè, tíí ṣe oṣù kejì ọdún, ni ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Jokkmokk, ìlú kékeré kan ní àríwá orílẹ̀-èdè Sweden, tí àwọn olùgbé rẹ̀ tó nǹkan bí 3,000, tó sì wà lókè ìlà Arctic díẹ̀, èyíinì ni ìlà àríwá ayé tó jẹ́ pé, lókè rẹ̀, ọjọ́ kan ó kéré tán máa ń wà láàárín ọdún tí oòrùn kì í yọ rárá. Òtútù lè sọ̀ kalẹ̀ dé ìwọ̀n 30 nísàlẹ̀ òdo lásìkò náà, síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò ni ọjà náà ń gbà.

Ẹni tí kò mọ ilẹ̀ náà lè béèrè ìdí tí wọn kò fi yan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òtútù gan-an ló la ọ̀nà. Nígbà tí ilẹ̀ bá móoru, ẹrọ̀fọ̀, odò àti adágún ló gba gbogbo agbègbè náà, àwọn Sámi, tíí ṣe onílẹ̀ àríwá, á sì ti kó agbo reindeer wọn, ẹran bí àgbọ̀nrín tí wọ́n ń sìn, lọ sórí òkè. Ṣùgbọ́n bí odò bá ti dì, ó di títì tí ẹran lè wọ́ ẹrù kọjá lórí rẹ̀, àwọn darandaran á sì ti sọ̀ kalẹ̀ wá sínú igbó, níbi tí oúnjẹ ẹran wọn wà lábẹ́ òjò dídì.

Karl IX, ọba Sweden, mọ èyí. Kí ó tó gorí ìtẹ́, àwọn oníṣòwò kan tí wọ́n ń pè ní birkarlar ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn Sámi ṣòwò, wọ́n sì tún ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn, èyí tó sọ àwọn oníṣòwò náà di ọlọ́rọ̀. Ọba kò fẹ́ kí èrè náà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni òun àti Denmark, tó ń ṣàkóso Norway nígbà náà, ń du ilẹ̀ àríwá mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dá ọjà náà sílẹ̀ ní 1605, pé kí òwò máa wáyé níbi kan àti lásìkò kan, lójú ajẹ́lẹ̀ ọba. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi awọ ẹran onírun àti ẹja gbígbẹ san owó orí, ibẹ̀ ni adájọ́ ti ń gbọ́ ẹjọ́, ibẹ̀ náà ni àlùfáà ti ń ṣe ìrìbọmi tó sì ń so tọkọtaya pọ̀. Iyẹ̀fun, iyọ̀, aṣọ àti ìkòkò irin ni àwọn Sámi ń rà lọ sílé.

Àjàgà ni ètò yìí jẹ́ lọ́rùn wọn, kò sì yẹ kí òpìtàn kankan bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wa fàdákà ní òkè Nasa ní 1635, tipátipá ni wọ́n fi mú àwọn Sámi agbègbè náà láti fi ẹran wọn ru fàdákà. Ṣọ́ọ̀ṣì gba ìlù mímọ́ àwọn adáhunṣe wọn, ó sì sun púpọ̀ nínú àwọn ìlù náà. Ní Arjeplog, wọ́n dáná sun Sámi kan tó ń jẹ́ Lars Nilsson ní 1693 nítorí pé ó di ẹ̀sìn àti ìlù rẹ̀ mú. Ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ka joik sí pẹ̀lú, ìyẹn orin tí Sámi fi ń pe ènìyàn, ẹranko tàbí ibùgbé wá síwájú ẹni, èyí tí Yorùbá tó bá gbọ́ àlàyé rẹ̀ yóò fi wé oríkì.

Àríyá inú ọjà náà kò sí nínú àṣẹ ọba. Àwọn ìdílé tí igbó ti yà sọ́tọ̀ ni wọ́n fi ọjọ́ ìsanwó orí ṣe ọjọ́ ìpàdé, tí wọ́n ń gbọ́ ìròyìn ìbí àti ikú, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń wá àfẹ́sọ́nà. Lónìí, owó orí ti kúrò níbẹ̀, ìpàdé ló kù: wọ́n ń sá eré ìje reindeer lórí adágún Talvatis tó ti dì, wọ́n ń ta ọ̀bẹ àti iṣẹ́ ọnà onífàdákà, wọ́n sì ń kọ joik ní gbangba. Ọwọ́ agbowó-orí àti àlùfáà ni púpọ̀ nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́ nípa ọjà yìí ti wá. Kí ẹni tó bá ń kà á má ṣe gbàgbé láti béèrè ohun tí àwọn tó san owó náà wá ṣe níbẹ̀.