Ata Fífín

Ata fífín ni omi tàbí òróró tó ti gba oró ata sára, tí a ń fín sórí ewéko kí kòkòrò lè fi í sílẹ̀, tàbí sójú oníjàgídíjàgan kí ẹni tí ó dá lọ́nà lè ráyè sá. Ní ìwọ̀ oòrùn Èkìtì, láti Ìjerò ilé Ajerò dé Arámọkọ ilé Alárá, títí kan Ẹ̀fọ̀n Kúmọyè tó fi òkè ṣe odi, ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì, nítorí àgbẹ̀ tó ti gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn wọ oko kòkó mọ fífín tinú tẹ̀yìn, ọdẹ tó sì ń fi èéfín lé òkété nínú ihò mọ ohun tí ata gbígbẹ lè ṣe nínú iná.

Ata rodo àti ata wẹ́wẹ́ kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ wa. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, àwọn Potogí ló sì gbé wọn dé etíkun wa, nígbà tó jẹ́ pé atare àti ìyèré ni àwọn baba ńlá wa mọ̀. Oró inú wọn, tí John Clough Thresh sọ ní capsaicin ní ọdún 1876, kò sí nínú hóró bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Awọ funfun tí hóró so mọ́ ni ó fi ṣe ilé. Òróró ni ó ń bá rìn, omi lásán kì í rí i tú.

Nítorí náà ni ológbà tó mọṣẹ́ kì í fi ọṣẹ ṣeré. Yóò gún ata, yóò rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, yóò fi aṣọ sẹ́ ẹ kí ẹnu pọ́ǹpù má baà dí, yóò sì po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn, kí oró náà lè tú sínú omi, kí ó sì lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni yóò fín in sára ilá àti ẹ̀fọ́, nítorí oòrùn ọ̀sán a máa jó ewé tí ọṣẹ wà lára rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, àfi kó tún un ṣe, òjò Èkìtì kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Lílé ni ata ń lé tata àti ewúrẹ́, kì í pa wọ́n. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ewé, ọṣẹ gan-an ló ń pa wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ata ni a ń yìn. Ti ẹyẹ kò sí nínú rẹ̀, nítorí ata kì í ta á lẹ́nu. Òun ló tilẹ̀ ń gbé hóró rẹ̀ káàkiri igbó.

Ti inú agolo, èyí tí àwọn arìnrìn-òru ń fi sápò, le ju ti ológbà lọ fíìfíì, nítorí òróró ata tí a fà jáde ni. Lórí òṣùwọ̀n tí Wilbur Scoville gbé kalẹ̀ ní 1912, ata rodo lè dé 350,000, ògidì oró ata sì jẹ́ 16,000,000. Ojú yóò dì pinpin, ikọ́ yóò sì gbé ẹni tí ó bá bà, èyí tó léwu gidigidi fún oníkọ́ fée. Kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó kọ́kọ́ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, nítorí ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Bí ó bá bani, a kì í ra ojú: omi púpọ̀ ni a fi ń ṣàn án, ọṣẹ la sì fi ń fọ awọ ara. Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1993 kò jẹ́ kí ọmọ ogun fi jagun, bó tilẹ̀ gba ọlọ́pàá láàyè. Ọmọ Èkìtì tó bá sì ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kó fi tirẹ̀ sílé, nítorí òfin ìbọn ti ọdún 1968 níbẹ̀ kà á mọ́ ohun ìjà tí ará ìlú kò gbọdọ̀ ní lọ́wọ́.