Teslim "Thunder" Balógun: láti Oníkan dé líìgì òyìnbó

Pápá ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè, tí gbogbo wa ń pè ní Teslim Balógun, ṣé ẹ ti bi ara yín rí pé ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Èkó ni. 1927 ni wọ́n bí i. Pápá King George V ní Oníkan níbí (Mobolaji Johnson Arena la ń pè é báyìí) làwọn bàbá wa ti ń wò ó. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà, síbẹ̀ bí Teslim bá yin bọ́ọ̀lù, àfi bí ààrá. Ibẹ̀ ni "Thunder" ti wá.

Ní oṣù kẹjọ 1949, àwọn ògbóǹtarìgì agbábọ́ọ̀lù wa wọ ọkọ̀ ojú omi Apapa lọ sí Liverpool. Etim Henshaw ni balógun ikọ̀, kì í ṣe Balógun tiwa o! Marine, kíláàbù kan lẹ́bàá Liverpool, ni wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé. 5-2 ni wọ́n fi nà wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n na Sierra Leone 2-0.

Ibi tó ń dùn mí rèé. Ọmọ ọdún 22 ni Thunder. Òyìnbó ti fojú ara wọn rí ohun tó lè ṣe, síbẹ̀ ilé ló padà sí. Lóde òní, ọmọ ọdún 16 làwọn kíláàbù ń wá kiri! Titus Okere, tí wọ́n jọ rìnrìn àjò náà, dé Swindon ní 1953, ṣùgbọ́n kò ráàyè gbá líìgì níbẹ̀. Ó di 1955 kí Peterborough tó mú Thunder, Midland League sì ni Peterborough ṣì wà. Ó tó 1956 kó tó bọ́ sí QPR ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ìpele kẹta líìgì ńlá. Ó ti pé ọdún 29. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 13 ló gbá nínú líìgì, ó jẹ góòlù 3. Ọmọ Nàìjíríà kankan ò gbá líìgì yẹn rí ṣáájú rẹ̀.

Ẹlòmíì á ní kí ló wà nínú 13. Ẹ kọ́kọ́ ka ọdún tó fi dúró ná! Ìgbà tí ara agbábọ́ọ̀lù máa ń le jù, ilé níbí ló ná an sí, àwa la jẹ̀gbádùn rẹ̀.

Ó padà wálé, ó di kọ́ọ̀ṣì. 1972 ló kú, kò tíì pé 46.

Bí ẹ bá ní bàbá tàbí ìyá àgbà nílé tó fojú rí Thunder ní Oníkan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sórí gúrúùpù.