Òkú Èkó àti Ìsàlẹ̀ Òkun Wa

Kò sí òkun ní Kánò, ṣùgbọ́n Òkú Èkó kì í wọ́n kúrò lórí àtẹ wa. Òkèèrè ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, torí ẹja etíkun tiwa ò tó wa jẹ. Ìtàn rẹ̀ rèé.

Lọ́dún 1963 sí 1964, ọkọ̀ apẹja méjì, La Rafale àti Thierry, fa àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun láti Guinea dé Kóńgò, wọ́n sì gba iwájú Nàìjíríà kọjá. Kì í ṣe ẹja títà ni wọ́n ń wá. Irú ẹja tó ń gbé ibi kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà, wọ́n sì ń wọn bí omi ṣe jìn tó. Irú ìwádìí báyìí ló fi hàn pé ìsàlẹ̀ òkun ò rí bákan náà: croaker fẹ́ràn ẹrẹ̀ ìtòsí èbúté, ẹja mìíràn sì wà tó jẹ́ pé iyanrìn ni tiwọn.

Ìtòsí èbúté yẹn náà ni àwọn Ìlàjẹ ti ń fi ọkọ̀ kékeré pẹja. Òfin ọdún 1992 ní kí ọkọ̀ ńlá má fa àwọ̀n láàárín máìlì òkun 5 sí etíkun.

A dá NIOMR sílẹ̀ l'Ékòó ní 1975 fún ìwádìí òkun. Láàárín 2004 sí 2007, ọkọ̀ Dr Fridtjof Nansen láti Norway tún wá yẹ omi wa wò. Ó yẹ ká máa ṣe é lemọ́lemọ́. Àgbẹ̀ tí ò mọ ilẹ̀ rẹ̀, èwo ni yóò fi sílẹ̀ kó sinmi?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé etíkun rí, ẹ bá wa dá sí i o.