Táyà Gbó: Ọgbọ́n Kọ́ Ló Wọ́n, Ọjà Ni

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé sísọ rọ́bà gbó di ọ̀tun jẹ́ ohun àṣẹ̀ṣẹ̀dé. Ọgbọ́n náà ti wà kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé ayé.

Ní 1839, Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, ṣàwárí pé bí a bá po rọ́bà mọ́ imí-ọjọ́, tí a sì mú un gbóná, ooru kì í lè yọ́ ọ mọ́, òtútù kì í sì í mú un le gbagidi. Ní 1844, ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ pé òun ló ni ọgbọ́n náà, àwọn oníléeṣẹ́ sì ń sanwó fún un kí wọ́n tó lò ó. Síbẹ̀, inú gbèsè ló kú sí ní 1860. Ohun tó fún rọ́bà lágbára yìí náà ló sọ ọ́ di ìṣòro: irin gbó ṣeé yọ́ rọ, ṣùgbọ́n rọ́bà tí imí-ọjọ́ ti wọ̀ lára kò ṣeé yọ́.

Ní 1858, Hiram Hall gba ìwé àṣẹ lórí fífi oru omi gbígbóná sọ rọ́bà gbó di rírọ̀. Ní 1899, Arthur Marks, ní ìlú Akron, gba tirẹ̀: ó ń se rọ́bà lílọ̀ nínú omi sódà líle, irú èyí tí àwọn aṣeọṣẹ ń lò. Rọ́bà tuntun wọ́n gógó nígbà náà. Àwọn iléeṣẹ́ gba ọgbọ́n yìí tọwọ́tẹsẹ̀.

Nígbà tí Japan gba Malaya ní 1942, Ààrẹ Roosevelt bẹ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n kó rọ́bà gbó wá sí ilé epo, sẹ́ǹtì kan fún ìwọ̀n páùn kan. Kí oṣù kan tó pé, nǹkan bí 450,000 tọ́ọ̀nù ti jọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun, rọ́bà tí wọ́n ń fi epo rọ̀bì ṣe pọ̀ lọ́jà, wáyà irin sì wọ inú táyà, èyí tó mú kí lílọ̀ rẹ̀ nira. Díẹ̀díẹ̀ ni òwò rọ́bà àtúnṣe rọlẹ̀. Ọgbọ́n kò sọnù. Èrè ló sá lọ.

Ẹ̀kọ́ wa nìyí. Ní Ìbàdàn, iléeṣẹ́ Freetown Waste Management Recycle ti ń fi táyà gbó ṣe búlọ́ọ̀kù ìtẹ́lẹ̀ láti 2020. Síbẹ̀, ní àwọn ibi ìpẹran kan, táyà ni wọ́n ṣì fi ń sun awọ pọ̀nmọ́ tí à ń jẹ. Bí ẹnìkan bá gbé ẹ̀rọ àti ìwé àṣẹ rẹ̀ wá bá ìjọba wa, kí wọ́n má ṣe béèrè bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìkan. Kí wọ́n béèrè ẹni tí yóò ra ohun tó bá ti inú rẹ̀ jáde. Láti 2003 ni òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ka odindi táyà léèwọ̀ ní ààtàn. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀: kí àwọn tó ń kó táyà wọ̀lú dá sí owó títún un lò. Láìsí èyí, ẹ̀rọ tí a bá rà lónìí yóò dípẹtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì táyà.